Ẹ̀rí Tí Àǹtí Mi Jẹ́

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa ìyá wa, mi ò sì fẹ́ kó tún pa àǹtí mi. Àwọn ni àkọ́bí, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Onídìrí ni wọ́n ní Agbowó. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wọn ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, tí mo ń la àwọn aráàlú lọ́yẹ̀ lórí ìlera. Lọ́yẹ̀ wo? Ìwọ̀nba àwọn tó bá wá á fi etí kan gbọ́ mi, etí kejì á wà lọ́dọ̀ ọkọ̀ tó ń pe Dùgbẹ̀.

Ìgbà náà ni àwọn olùwádìí kan dé láti yunifásítì. Wọ́n ti rí i pé obìnrin tí kò ráyè wá sílé ìwòsàn á jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ níwájú onídìrí. Wọ́n ní kí a kọ́ àwọn onídìrí láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn oníbàárà wọn, kí wọ́n sì darí ẹni tí tirẹ̀ bá ga sọ́dọ̀ wa. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àǹtí mi lọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi onídìrí náà lo wá fẹ́ sọ di nọ́ọ̀sì? Ó dáa, gbé yúnífọ́ọ̀mù mi wá."

Lọ́jọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùwádìí yá onídìrí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, àwọn onídìrí sì fi ara wọn kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ti àǹtí mi ló ga jù. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ò tíì mọ àwọn ni, ojú ló ń tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn fúnra wọn tún un wọ̀n, tí nọ́ńbà kan náà jáde, wọ́n tẹ̀lé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà fún wọn lóògùn, wọ́n sì ń lò ó. Bí wọ́n bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wọn tiwọn kí oníbàárà tó dé, wọ́n á sì pè mí lórí fóònù: "Àbúrò, ó tún ti wálẹ̀ o!" Inú mi a máa dùn bíi ti ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Nígbà tó wálẹ̀ tán, wọ́n gbé ọpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi wa. "Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀jẹ̀ ríru tó pa ìyá mi, ó ti fi mí sílẹ̀!" A kọrin, a jó dé iwájú pẹpẹ. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ti darí sílé ìwòsàn wa bá wọn jó. Gèlè mi tú, mi ò bìkítà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìwádìí parí. Àwọn olùwádìí dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kí a ra tiwa, kí iṣẹ́ náà di ara iṣẹ́ òòjọ́ wa. Wọ́n ní kí a dúró de àbájáde ìwádìí. Àbájáde wo? Àwọn obìnrin tí kì í wá tẹ́lẹ̀ ló kún orí bẹ́ǹṣì wa níta yẹn! Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun ọ̀sán.

Mo wá ń gbé ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí a ní kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù bí mo bá ti ṣíwọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àǹtí mi, wọ́n fa apá wọn sẹ́yìn.

"Ẹ ṣì ń lo oògùn yín, àbí?"

"Oògùn kẹ̀? Lẹ́yìn tí mo ti jẹ́rìí? Ṣé kí n sọ Ọlọ́run di onírọ́ ni?"

"Àǹtí mi, oògùn yẹn ló gbé e wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín."

"Kí lo ń wá? Èmi ò sọ nǹkan kan nù."

Mo mọ̀ wọ́n. Ẹnu mi kò lè borí ẹ̀rí tí gbogbo ìjọ ti ṣe àmín sí. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ojú ara wọn kà nìkan ni wọn kì í bá jiyàn, ẹ̀rọ tí ì bá fi hàn wọ́n láràárọ̀ sì ti wọ ọkọ̀ lọ. Mo bẹ̀ wọ́n títí, mo sunkún. Wọ́n ní kí n lọ ní ìgbàgbọ́.

Ibi tí wọ́n ti ń dirun ni òòyà ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Rọpárọsẹ̀ ni. Obìnrin tí wọ́n ń dirun fún fi ìborùn bo irun tí wọn ò tíì dì tán, ó sì bá wa jókòó nílé ìwòsàn ńlá. Kí Sọ́ńdè tó dé, àǹtí mi ti dákẹ́. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí, kò sì sí ìtùnú kankan tó wọ̀ mí létí.

Àbájáde ìwádìí wá jáde lẹ́yìn náà, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn kan ní Bódìjà. Wọ́n ní iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kà, wọn ò mẹ́nu ba ẹ̀rí tí ènìyàn ń jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá mi sọ sí mi létí pé a lè ra ẹ̀rọ wàyí. Bí wọ́n ṣe gbé àwòrán sára ògiri nìyẹn: àǹtí mi ni, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń so ẹ̀rọ mọ́ apá oníbàárà kan. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Olùwádìí àgbà ní kí onídìrí náà jọ̀ọ́ dìde, kí a lè kí i.

Mo ní wọ́n ti lọ.

Gbogbo wọn tún yíjú sí àwòrán náà, sí apá oníbàárà tí ẹ̀rọ wà lára rẹ̀. Apá àǹtí mi lèmi ń wò, tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.