Ọ̀sán tí Mo Lọ Kí Àna Mi ní Òkukù

Mi ò sọ fún obìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ pé mo ní ásímà. Ojú ló ń tì mí. Ọkùnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ta ni yóò fọmọ fún un?

Ọjọ́ tí òun àtèmi máa lọ kí bàbá rẹ̀ ní Òkukù, ọ̀sán gangan la gbéra. Ooru mú, atẹ́gùn kankan ò fẹ́ ní Ìkìrun. Gbogbo ọkọ̀ tó ń dúró de èrò ní gáréèjì ni ẹ́ńjìnnì wọn ń ṣiṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń ké níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ibẹ̀ ni àyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi. Mo rò pé tá a bá ti bọ́ sáàárín oko, ara á tù mí. A kọjá Inísà, kò tù mí. Oògùn tí mo máa ń fà sẹ́nu wà lápò mi, mi ò jẹ́ yọ ọ́.

"Kí ló dé tó ò ń làágùn báyìí?" àfẹ́sọ́nà mi bi mí.

Mo ní ooru ni.

Bá a ṣe wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàsán, sà." Àtidìde wá dogun. Ikọ́ kì mí mọ́lẹ̀, itọ́ ń yọ lẹ́nu mi sórí kápẹ́ẹ̀tì onílé. Níbi tí àfẹ́sọ́nà mi ti ń wá áńkáṣíìfù lápò mi ló ti rí oògùn náà. Ó wò ó, ó wò mí, ó fi sí mi lẹ́nu.

Bàbá fọkọ̀ wọn gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ má rìn lọ́sàn-án mọ́. Oòrùn líle máa ń sọ èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ di gáàsì tí wọ́n ń pè ní ósóònù. Èyí tó wà lókè lọ́hùn-ún ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn; èyí tá à ń mí símú ń ta ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ò lè fojú rí i, atẹ́gùn sì lè gbé e dóko. Ó ṣeé ṣe kó wà lára ohun tó mú yín."

"Ṣé á lè ṣiṣẹ́ báyìí?" Bàbá bi í.

"Tí wọ́n bá ń lo oògùn wọn, wọ́n á ṣe é dáadáa."

Lójú mi ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni ń ná ewúrẹ́ tára rẹ̀ ò yá. Mo kọjú sí ògiri.

Lẹ́yìn tí Bàbá jáde, ọmọ wọn ní, "Ṣé ikọ́ lo rò pé mo máa torí ẹ̀ sá ni?"

Mo nawọ́ gba oògùn mi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó fẹ́ mi. Kùtùkùtù òwúrọ̀, kí oòrùn tó le, ni Bàbá ní ká ṣègbéyàwó, wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kankan. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó wá láti Ìbà ń kùn: ta ní ń gbéyàwó nígbà tí ìrì ò tíì gbẹ? Mo gbọ́. Mo tẹjú mọ́lẹ̀.