Súwíìṣì Tó Le

Nítorí ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí mò ń fọwọ́ ara mi kàn ní Agége, mo fẹsẹ̀ tú ọjà Computer Village. Súwíìṣì tí mò ń wá, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ọ̀pá rẹ̀ sókè kó tó yí, kí ìgbọ̀nwọ́ mi má baà ṣèèṣì pa ẹ́ńjìnnì lókè. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rí ẹyọ kan tó kù. Mo ní kí ẹni tó tà á bá mi fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ ọn, mo lọ kírun.

Nígbà tí mo padà dé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, mo rí i pé ó le lọ́wọ́ yín. Mo ti bá yín yọ irin tó ń dì í mú."

Mo fẹ́ pariwo. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní ó ṣeun.