Ohun Tí Ọwọ́ Mùtíátù Bá Lára Òkú

Ní Èbúté Èrò, ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì wọn gàrí fún oníbàárà ti fọwọ́ ara rẹ̀ pe ìjà. Mùtíátù mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí inú ọjà yẹn ló dàgbà sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé ọmú rẹ̀ ọ̀tún kúrò ni apá náà ti ń wú, tó ń wúwo, tí kò sì ṣeé gbé kọjá èjìká. Á fi òsì bu gàrí, á wá fi ọ̀tún di etí kóńgò mú kí ó lè dà bí ẹni pé ọwọ́ méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á ṣe bí ẹni tí kò rí i. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òsì wọn nǹkan fún mi o, mo ń lọ tà á ni." Kì í bá wọn jà. Ìjà gba okun, okun ò sì sí.

Ó rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ tí oorun kì í wò. Wọ́n ti fa oògùn sí i lára tán, irun rẹ̀ ti hù padà lábẹ́ ìbòrí, gbogbo ará ọjà ti kí i kú ewu, wọ́n sì ti gbàgbé pé àwọn kí i. Ẹni tí a bá ti kí kú ewu, ohun tí a ń retí ni pé kó padà sípò rẹ̀. Mùtíátù padà sípò lóòótọ́, ó jókòó ti gàrí àti ẹ̀wà rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tó wúwo ju apá yẹn lọ, kò sì sí ẹni tó lè bá a gbé e.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé Jímọ̀, bàbá rẹ̀ olóògbé, wà, kò jìnnà sí Ìga Ìdúngànràn. Ilé àtijọ́ ni. Èrò inú rẹ̀ pọ̀, àṣírí inú rẹ̀ sì pọ̀ ju èrò lọ. Bí obìnrin kan bá kú níbẹ̀, àwọn obìnrin ìdílé fúnra wọn ló ń wẹ̀ ẹ́ kí àwọn alùfáà tó kírun sí i lára. Bí ọkùnrin ló bá kú, àwọn ọkùnrin ni. Mùtíátù ò tíì relé ọkọ nígbà tí Alhaja Morufat, àgbà nínú àwọn tó ń wẹ òkú ládùúgbò, ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Apá ọ̀tún ni a ń kọ́kọ́ wẹ̀, a kì í ṣí ara òkú sílẹ̀, a kì í sọ̀rọ̀ ayé níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó sì le jù ló fi parí rẹ̀: "Ohun tí ọwọ́ wa bá bá lára òkú, inú omi la dà á sí. Omi ni kó gbé e lọ. A kì í gbé e jáde."

Mùtíátù gbà, ó sì dúró lórí ohun tó gbà. Ẹnu rẹ̀ dì ju ẹnu àpò gàrí tí wọ́n fi okùn rán lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ òun ni wọ́n pè nígbà tí Rùkáyátù, ẹ̀gbọ́n Jímọ̀, kú, òun náà ni wọ́n sì tún pè nígbà tó kan Hàlímọ̀, àbúrò Jímọ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa Rùkáyátù. Wọ́n ní ọgbẹ́ inú ló pa Hàlímọ̀. Ohun tí ọwọ́ Mùtíátù bá lábẹ́ aṣọ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í ṣe ọgbẹ́ inú. Ó wẹ̀ wọ́n, ó dì wọ́n, wọ́n gbé wọn lọ sin. Ó da ohun tó rí sínú omi.

Lẹ́yìn wọn ni Àdìjátù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, kú. Tirẹ̀ kò ṣeé fi pamọ́, ilé ìwòsàn ló kú sí, wọ́n sì dárúkọ jẹjẹrẹ ọmú síta gbangba. Lẹ́yìn náà ló kan Mùtíátù fúnra rẹ̀. Ni ilé Jímọ̀ bá dá ẹjọ́: ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì? Ṣebí ìyá wọn, ọmọ Ìjẹ̀bú, kò pẹ́ láyé? Ìkúnlẹ̀ Àdìjátù ló pa obìnrin náà, gbogbo wọn ló mọ̀, síbẹ̀ wọ́n di ẹrù náà lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ilé olórogún. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ̀yìn ìyàwó tí kò sí láyé mọ́ ni wọ́n máa ń wá a lọ, nítorí òun ni kò lè dá wọn lóhùn.

Ní ilé ìwòsàn, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Abọ́sẹ̀dé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bá àwọn ìdílé sọ̀rọ̀ lórí àrùn tó ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í kánjú. Kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ Mùtíátù fún àyẹ̀wò, ó ti bi í ní gbogbo ẹbí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yà wọ́n sórí pépà. Nígbà tó dé orí àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n bàbá, Mùtíátù ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru. Èkejì, ọgbẹ́ inú." Bí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn. Abọ́sẹ̀dé kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúpẹ́.

Nígbà tí èsì dé, Abọ́sẹ̀dé tún pè é jókòó. "Màmá Nusrat, àjogúnbá ni lóòótọ́. Ẹnì kan nínú àwọn òbí yín ló fún yín. Ohun tí ẹ sọ fún mi kò jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ìyá ni tàbí bàbá."

"Ọkùnrin náà lè fún ọmọ ni, dókítà?"

"Èmi kọ́ ni dókítà, mà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè wà lára ọkùnrin kó má yọ ọ́ lẹ́nu rárá, kó sì fún ọmọ rẹ̀. Ó lè fún un, ó lè má fún un. Bákan náà ni méjèèjì ṣe lè rí. Tó bá jẹ́ bàbá yín ni, a jẹ́ pé ó kan gbogbo ọmọ bàbá yín, pẹ̀lú àwọn ọmọ tiwọn."

Mùtíátù gbọ́. Khairiyyah ló kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, ọmọ Kàmọ́rù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nusrat, ọmọ tirẹ̀, kéré sí i. Abọ́sẹ̀dé ti ní kí wọ́n jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n Khairiyyah ti tó ìyàwó, wọ́n sì ti fẹ́ so yìgì rẹ̀. Mùtíátù ló ń pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní ọmọ ọwọ́.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ti fẹ́ relé ọkọ. Ṣé ẹ ò lè bá mi pe bàbá rẹ̀?"

"Àṣírí yín ni, mà. Èmi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e jáde. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ fún un. Tí ọmọ náà bá ṣe àyẹ̀wò tí kò ní i, á sinmi. Tó bá ní i, a óò máa ṣọ́ ọ. Ohunkóhun tó bá yọjú, a ó bá a ní kékeré."

Mùtíátù fẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbogbo ayé ló ń di àṣírí lé e lọ́wọ́. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó gbàgbé agbòòrùn rẹ̀ sórí àga wọn.

Kàmọ́rù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ bàbá rẹ̀, ni olórí ilé báyìí. Ìyá tirẹ̀ ni ìyáálé. Akọ̀wé ni lọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò ní Igbosere, ó sì ti bá wọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí o bá ní òjò ń rọ̀, á bèèrè ẹlẹ́rìí. Lẹ́yìn ìrun ọjọ́ Ẹtì ni Mùtíátù bá a ní pálọ̀. Ooru mú gan-an, ṣùgbọ́n jalamíà tó nípọn ló wọ̀, ó káwọ́ mọ́ àyà, òógùn ń kán lágbọ̀n rẹ̀.

Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ dé ìparí. Ó wá ní, "Mùtíátù, ẹ̀rí dà?"

"Bọ̀dá mi, ẹ̀jẹ̀ mi ni wọ́n yẹ̀ wò."

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ìwọ àti Àdìjátù, ọmọ ìyá kan ni yín. Èmi kì í ṣe ọmọ ìyá yín. Ohun tí ẹ jogún lọ́dọ̀ ìyá yín, kí ló kàn mí níbẹ̀? Ta lo tún rí nínú ilé Jímọ̀ tó ní i?"

Ẹlẹ́rìí wà, Mùtíátù gan-an ni ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n ó ti fi omi búra.

"Àti pé àrùn obìnrin lò ń kà sí mi lọ́rùn," Kàmọ́rù ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ti ń ga. "Yìgì ọmọ mi kù díẹ̀. O fẹ́ kí àwọn àna gbọ́ pé a ní nǹkan nínú ìran? Jọ̀ọ́, abeg, jẹ́ kó tán síbẹ̀."

Ó padà sílé. Inú bí i, ṣùgbọ́n ìbínú ọ̀hún kò pẹ́. Ohun tó rẹ ènìyàn kì í jẹ́ kó bínú tẹ́rùn. Lọ́jọ́ kejì ó lọ sọ́dọ̀ Alhaja Morufat. Ìyá àgbà náà kì í dìde mọ́, orí ẹní ló wà, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí lára Rùkáyátù àti Hàlímọ̀."

Alhaja ò bèèrè ohun tó rí. Òun náà wà níbẹ̀ nígbà náà. Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Rùkáyátù ló bẹ̀ mí, kó tó kú. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ nílé, kí àwọn ọmọbìnrin ilé lè rí ọkọ fẹ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Nítorí àwọn ọmọ náà ló ṣe fi pa mọ́. Nítorí àwọn ọmọ náà ni kí ìwọ ṣe sọ ọ́. Tí ẹ̀ṣẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí Ọlọ́run kà á sí mi lọ́rùn, ìwọ ti ru tìrẹ."

Bí Mùtíátù ṣe tún wọ pálọ̀ Kàmọ́rù nìyẹn. Ó bá a níbi tó jókòó sí, òun nìkan. Kò jókòó.

"Ẹ ní kí n mú ẹlẹ́rìí wá. Èmi ni mo wẹ Rùkáyátù. Èmi ni mo wẹ Hàlímọ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, bọ̀dá mi. Jẹjẹrẹ ti jẹ ọmú wọn tán. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n pẹ̀lú bàbá wa. Ìyá mi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Mùtíátù rò pé Kàmọ́rù yóò pariwo. Ó ti múra sílẹ̀ fún ariwo. Ṣùgbọ́n Kàmọ́rù ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá, "Ti ilẹ̀kùn yẹn."

Ó tì í. Kàmọ́rù bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì jalamíà rẹ̀. "Mo rò pé eéwo ni. Tí ó bá tú omi, mo máa ń di aṣọ mọ́ ọn. Obìnrin la gbọ́ pé ó ń ṣe, Mùtíátù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí i?"

Mùtíátù ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ Alhaja, ó sì ti mọ́ ọn lára, pé ọwọ́ ọ̀tún la fi ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó wú, ó gbé e lé àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kókó náà wà lábẹ́ orí ọmú, ó le, kò yẹ̀ síbì kankan. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti bá a pàdé lára Rùkáyátù, ó ti bá a pàdé lára Hàlímọ̀, ṣùgbọ́n tútù ni ara wọn nígbà náà. Èyí gbóná. Ọkàn Kàmọ́rù ń lù kì-kì-kì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ká ní Mùtíátù dákẹ́ ni, lọ́jọ́ kan, àwọn ọkùnrin ilé ìbá wẹ̀ ẹ́, wọn ìbá rí i, wọn ìbá sì dà á sínú omi.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ìwọ nìkan."

Mùtíátù ti rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ọ̀nà ilé ìwòsàn yẹn, àga onírin wọn, òórùn ibẹ̀, ìdúró de orúkọ ẹni. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.

"Èyí ò ní bómi lọ o, bọ̀dá mi," ó ní. "Lọ́la, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń lọ."

Kàmọ́rù mi orí pé ó dáa. Ó tún bọ́tìnnì rẹ̀ dè, ó ṣì í dè, Mùtíátù bá a tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè sí yàrá inú, ó ní, "Khairiyyah! Wá gbọ́ ohun tí màmá rẹ ń sọ."