Amọ̀ Dúdú Inú Ihò Keje

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye ni mo wà lọ́jọ́ náà, tí mò ń yẹ ìwé àbọ̀ iṣẹ́ wa wò kí wọ́n tó dì í pọ̀. Ihò mọ́kànlá la ti lu sínú ilẹ̀ abúlé kan ní Kogi, ká lè mọ bí èédú abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ní aago méjì ọ̀sán, àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa, tí wọ́n fẹ́ wa èédú náà, máa wá gba ìwé wọn. Òun ni wọ́n máa fi pinnu bóyá kí àwọn ará abúlé kó kúrò lórí oko wọn.

Mo dé ojú ìwé ihò keje, mo tún un kà. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé èédú ibẹ̀ nípọn tó mítà mẹ́ta. Mo yọ ìwé kékeré tí mo fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé amọ̀ dúdú wà láàárín èédú yẹn, ó sì ju mítà kan lọ. Ó jọ èédú lójú, àmọ́ kì í jó. Èmi ni mo gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ihò keje la fi ṣírò apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà.

Mo bẹ ìyá tó ni ilé ìtẹ̀wé pé kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró. Wọ́n ní ìdajì ti jáde. Síbẹ̀, wọ́n pa ẹ̀rọ náà.

Ọ̀gá mi kán lẹ́sẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ọsibítù Igbóbì ni wọ́n wà. Mo pè wọ́n lórí fóònù títí, wọn ò gbé e. Aago kan ti fẹ́ lù nígbà tí mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ bá wọn.

Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n gba ìwé kékeré náà, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan ni, sà."

Wọ́n pa ìwé náà dé. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n panu mọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá màá lè kọ̀ fún wọn.

"Ó ti di àwa méjì," ni wọ́n wí. "Gbé fóònù mi wá."

Níṣojú mi ni ọ̀gá mi pe àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa, wọ́n ní àṣìṣe wà nínú ìṣirò, pé ọwọ́ àwọn ló ti wá. Wọn ò mẹ́nu bà mí. Mò ń gbọ́ bí ẹni tó gbé ìpè náà ṣe ń pariwo, ọ̀gá mi sì ń dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́.

Nígbà tó yá, àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa ní ká lu ihò mẹ́ta sí i. Amọ̀ náà tàn kálẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ, èédú tó kù ò sì tó nǹkan. Wọ́n fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún àwọn ará abúlé, wọn ò gbéṣẹ́ fún wa mọ́. Ọ̀gá mi ò bá mi wí. Àmọ́ fún ọdún kan gbáko, gbogbo ìṣirò tí mo bá ṣe ni wọ́n ń ní kí n kà sókè sí etí àwọn, mo sì ń kà á.