Ẹni Tó Ń Mú Pashtana Jáde

Iṣẹ́ kọ́ ló ń rẹ Pashtana, ìjáde ni. Ní Kandahar tiwa yìí, bí obìnrin bá fẹ́ lọ ra oògùn ẹ̀fọ́rí, orí á fọ́ ọ tán kó tó rí ọkùnrin tó máa mú un lọ. Kì í sì í ṣe ọkùnrin èyíkéyìí: òfin ní àfi ọkọ rẹ̀ tàbí ẹbí tí kò lè fẹ́ ẹ láéláé. Ọkọ Pashtana ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Iran. Kò bí ọkùnrin kankan. Ó wá ku bàbá ọkọ rẹ̀, Bàbá Sarwar, tí iyè rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ bí iná mànàmáná.

Pashtana ló ń wọ bàtà fún bàbá, òun ló ń wé láwàní fún un, òun ló ń di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà kó sí gọ́tà. Síbẹ̀, tí wọ́n bá ti dé ojú títì, bàbá ló mú Pashtana jáde. Ẹ ò rí ayé bí!

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún. Ìyá ọkọ Spozhmai, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Pashtana bí, ló ń pè láti abúlé.

"Ìyá Spozhmai, ọmọ ẹ ti ń rọbí láti àná. Ẹ̀jẹ̀ ń dà, orúkọ ẹ ló ń pè. Jọ̀ọ́, tètè máa bọ̀."

Oyún àkọ́kọ́ ti kú mọ́ Spozhmai nínú lọ́dún tó kọjá. Kíá ni Pashtana fọ ojú fún bàbá, ó fún un ní tíì mu.

"Bàbá, tí wọ́n bá bi yín lójú ọ̀nà, ẹ ní ìyàwó ọmọ yín ni mí o."

"Kí ni mi ò bá tún sọ? Ṣé orí mi dàrú ni?" Bàbá rẹ́rìn-ín. "Pashtana, ọbẹ̀ ẹ dùn, àmọ́ ẹnu ẹ ti pọ̀ jù."

Pashtana náà rẹ́rìn-ín. Ó gbé aṣọ ẹlẹ́hàá aláwọ̀ búlúù borí dé ilẹ̀, ó ku àwọ̀n kékeré níwájú ojú. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì.

Ọ̀nà ti fẹ́ẹ̀ẹ́ dá sí méjì nígbà tí ṣọ́jà kan dá wọn dúró. Ọmọdékùnrin ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún.

"Bàbá, ẹ kú ìrìn. Kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí yín?"

Bàbá yíjú. Ó wo aṣọ búlúù náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Bàbá! Èmi ni! Èmi Pashtana!"

Inú bí bàbá. "Irọ́ ńlá! Pashtana wà nílé, ó ń po ìyẹ̀fun. Ìyàwó ọmọ mi kì í rìn kiri. Ọmọ gidi ni!"

"Ọmọ mi," Pashtana bẹ ṣọ́jà, "jẹ́ kí n ṣí ojú fún wọn. Ojú mi ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Kí o ṣí kí ni? Lójú gbogbo ọkùnrin yìí? Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́! Bọ́ sílẹ̀."

"Ọmọ mi ń kú lọ lórí ìkúnlẹ̀!"

"Lọ mú ọkùnrin ẹ wá."

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

"Ó dáa, ẹ bá mi sọ bàbá náà kalẹ̀. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n ń lọ."

"Kí ló kàn ọ́? Ó ní òun ò mọ̀ ọ́. Ọkùnrin ni, kó máa lọ síbi tó bá wù ú."

Ṣọ́jà fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, dẹ́rẹ́bà sì wà á lọ. Bàbá jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ó ń kí ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

"Ó yá, máa lọ sílé," ni ṣọ́jà wí.

"Ta ni kó mú mi lọ?"

Ṣọ́jà yíjú sí ọkọ̀ tó kàn. Pashtana nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀. Wọ́n á rọra, wọ́n á rí i pé òun nìkan ni, wọ́n á tẹná mọ́ ọn. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fẹ̀yìn ti òkúta kan.

"Ìwọ obìnrin yìí!" ṣọ́jà pariwo. "O ò lè dúró síbí o. Obìnrin kì í dá dúró lójú títì."