Fíríìjì Oníṣọ́ọ̀bù Wa

Bí òjò bá rọ̀ ní Koumassi Remblais, àdúgbò wa ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ilẹ̀ kì í tètè mu ún. Àwọn àgbà ní omi ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ dí i, omi ọ̀hún ò sì gbàgbé ilé rẹ̀. Bí oṣù karùn-ún bá ti ń parí lọ, kálukú a gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lé orí búlọ́ọ̀kù.

Ìyá mi ò ka omi sí. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun sì ni, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a ká sùtánà sínú báàgì, ó di ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ìyá mi kọ̀. Inú yàrá ló ti ń wọ tirẹ̀, á sì fẹsẹ̀ lásán rìn dé ilé Ọlọ́run. Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ni mo yá rìn?" Àgídí ìyá mi ò gbóògùn.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan la máa ń gbà lọ. Ọmọ ẹ̀yà Jùlá ló ni ín, Mùsùlùmí ni, ó ń ta búrẹ́dì, wàrà àti omi tútù. Fíríìjì ńlá kan wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà tó máa ń kùn ṣáá bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. A ó ti máa gbọ́ ọ ká tó yà sí ojú ọ̀nà rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù kẹfà, òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi sì ti bo kókósẹ̀. Mo wọ bàtà òjò, mo tẹ̀ lé ìyá mi, mo ń ráhùn. Òun gbé etí sùtánà sókè, ó ń kọrin. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ fíríìjì yẹn ni orin já. Ó dúró gbagidi.

"Omi yìí ń ta mí lẹ́sẹ̀."

Mo rò pé ìgò ló gún un. Mo sáré nawọ́ sí i.

"Má fọwọ́ kàn mí! Padà sẹ́yìn!"

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé iná mànàmáná ti wọnú omi. Ẹ̀rù bà mí. Ìyá tó bí mi nìyẹn níwájú mi, iná wà nínú omi tó dúró sí, n ò sì gbọdọ̀ kàn án. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú ẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù yọjú. Ó wo ìyá mi, ó wo wáyà fíríìjì tó ti rì, ó kígbe pé kí ìyá má mira: "La vieille, faut pas bouger!" Ó sáré wọlé, ó pa iná gbogbo ṣọ́ọ̀bù nídìí mítà. Fíríìjì dákẹ́. Ìyá mi gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó wó lé mi láyà. N ò mọ ìgbà tí mo bú sẹ́kún.

A ṣì ń jiyàn lé e. Mo ní bàtà ni ì bá dáàbò bò ó. Ó ní ká ní òun wọ bàtà ni, òun ò ní tètè gbọ́ ohun tí omi ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bá ọkùnrin náà, ó pè é lọ́mọ: "Mon fils, o ṣé lánàá." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó tún lọ lọ́jọ́ kẹta, ó tún lọ títí ọ̀sẹ̀ fi yí. Ó sú ọkùnrin náà, ó bi í bóyá àná yìí kì í tán ni: "Maman, hier-là, ça finit pas?"

"Àná ò lè tán," ni ìyá mi wí. Ó sì ń gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n bá pín lẹ́yìn ìsìn wá fún un. Ọkùnrin náà á ní Bìsìmílà, á bó o, á jẹ ẹ́. Òjò ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ.

Ó ti gbé wáyà náà sókè lára ògiri. Síbẹ̀, bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, á pa iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí ìyá mi á fi kọjá. Omi rẹ̀ á gbóná, àwọn oníbàárà á máa kùn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ọ́fíìsì mi ní Plateau, orí mi a wú.

Orúnkún ti ń dun ìyá mi báyìí, ó ti lọ ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Bingerville, níbi tí ilẹ̀ ga. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, èmi nìkan ni mo jáde sínú omi, bàtà òjò lẹ́sẹ̀ mi, sùtánà nínú báàgì. Mo gbọ́ fíríìjì tó ń kùn. Bí mo ṣe yà báyìí, ó dákẹ́.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ júwe pé kí n máa bọ̀.

"Ẹ ṣé lánàá," mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Yorùbá ìyá mi ló fi dá mi lóhùn: "Àná ò lè tán."