Àwa La Máa Ń Fọ Bàbá

Ní oríta tó wọ àdúgbò wa ní Ọ̀jọ́, ère ọkùnrin kan wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ó dé fìlà, ó mú ọ̀pá dání, kò wọ bàtà. Àwọn ọlọ́kadà ń pè é ní Bàbá Sìmẹ́ńtì, wọn ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa mọ̀ pé baba ńlá wa ni, pé òun ló dá ọjà sílẹ̀, òun ló sì fún ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí ọjọ́ ìrántí rẹ̀ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀ka tiwa nínú ẹbí ló ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀ka mìíràn kì í fọwọ́ kàn án. Ìyá mi á mú kànrìnkànrìn àti ọṣẹ dúdú, èmi á pọnmi, a ó fọ̀ ọ́ láti fìlà dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ka yòókù á jókòó, wọ́n á máa wò wá. Mo rò pé wọ́n ń jowú ni. Kódà nígbà tí mo lọ́kọ, tí mo kó lọ sí Òkokomáìkò, mo ṣì ń ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìyànà Ìbà pa lọ́jọ́ náà. Oníbàárà tó bá fẹ́ bínú, kó bínú.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn ọ̀dọ́ ẹbí ní kí wọ́n yọ ère náà kúrò. Wọ́n ní ẹrú ni ọkùnrin yìí ń tà fún àwọn Òyìnbó létí ọ̀sà, ìtìjú ni kó máa dúró lójú títì. Olórí ẹbí pe ìpàdé sí ilé ẹbí. Mo dìde láàárín wọn, mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan Bàbá mi, èmi àti olúwarẹ̀ yóò jọ wọ ṣòkòtò kan náà.

Ìyá àgbà kan láti ẹ̀ka àkọ́bí bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá ta ni? Ìyá tó bí ìyá ìyá ẹ, ẹrú tí Bàbá rà ni. Òun ló ń fọ ẹsẹ̀ fún wọn nígbà ayé wọn. Nígbà tí wọ́n kú, tí a mọ ère, iṣẹ́ yẹn ò kúrò lọ́wọ́ yín. Àbí wọn ò sọ fún ẹ?"

Mo wo olórí ẹbí. Òun ló gbàdúrà fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, tó pè mí ní ọmọ onílé. Ó wolẹ̀.

"Ọmọ mi, jókòó. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni."

Kò sọ pé irọ́ ni. Gbogbo yàrá náà ló mọ̀, àfi èmi tí mò ń pariwo. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo kọjá sí yàrá ìyá mi lẹ́yìnkùlé, mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Inú ẹ máa ń dùn sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ?"

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ti ń pa òwe yẹn tipẹ́, n kò mọ̀ pé ó lè kan ẹni tó fún mi lọ́mú.

Ẹbí fẹnu kò, wọ́n ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n gbé e pamọ́ sínú ọgbà. Lọ́jọ́ náà, mo dúró sí òdìkejì títì. Wọ́n fi okùn dì í, wọ́n fà á, ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Olórí ẹbí rí mi, ó juwọ́ sí mi.

"Ọmọ mi, ó ti dọ̀tí. Bá wa fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó gbé e wọlé."

Bákẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀, àti ọṣẹ. Wọn ò tilẹ̀ rò pé mo lè kọ̀. Mo kọ̀. Mo yíjú, mo sì rí ìyá mi tí wọ́n ká ìró sókè, tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú kànrìnkànrìn.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀!"

Wọn ò wojú mi. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, ibi tí ọwọ́ wa kò dé rí.